Ibi tí Agbára Máàkì JAMB Mọ

Bí JAMB bá ti gbé èsì ìdánwò jáde báyìí, fóònù àwa tí a ti wà nínú ọgbà fásitì kì í sinmi mọ́. Àbúrò ọ̀rẹ́ ni o, ọmọ ará ilé ni o, ọmọ tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí a jọ ń kírun ni o, gbogbo wọn ló ń pè. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo gba 247. Ṣé ó máa gbé mi wọlé?" Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Á gbé ẹ wọlé, ìwọ ṣáà máa gbàdúrà." Àdúrà dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò tíì rí ìdáhùn gbà. 247 kò lè sọ ohunkóhun fún wa títí tí a ó fi mọ ilé ìwé tó yàn, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà, èsì WAEC tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ọdún kẹta mi rèé ní ẹ̀ka yìí, mo sì ti bá ọmọ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú bírò àti bébà. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, kí ẹni tí wọ́n bá tún pè lè rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ máa ń ṣe nínú ìdánwò UTME: Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, àti mẹ́ta mìíràn tí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà bá béèrè. Ọgọ́rùn-ún máàkì ló wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 400. Ìbéèrè 60 ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Ìbéèrè 180 nìyẹn, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún ọmọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àti kíka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ rí kò ní fi ọmọ tó gba 230 ṣe ẹlẹ́yà.

Àwọn òbí ló máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ lórí rédíò pé ọmọ kan gba 360, wọ́n á yíjú sí tiwọn. Ẹ wo ohun tí JAMB fúnra wọn gbé jáde ní 2024. Ọmọ 1,842,464 ni èsì wọn jáde. Nínú wọn, 8,401 ló gba 300 sókè. 77,070 ló gba 250 sókè, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. 439,974 ló gba 200 sókè. Èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ọmọ mẹ́rin tó jókòó ṣe ìdánwò náà, mẹ́ta àti díẹ̀ lé ni kò rí 200 gbà. Ọmọ tó gba 247 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ agbo àwọn ìdá mẹ́rin òkè yẹn. Bàbá tó ń fi ọ̀rọ̀ na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọmọ tó ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tó báyìí ṣì fi lè jókòó sílé lọ́dún náà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni "kọ́tọ́ọ̀fù", nítorí pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí JAMB àti àwọn olórí ilé ìwé gíga máa ń fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé ọdọọdún wọn. Fún fásitì, 120 ni ní 2017, 140 ni ní 2024, 150 ni ní 2025. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, èyí tí wọn kò fẹ́ kí fásitì kankan sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Kò túmọ̀ sí pé 150 á gbé ènìyàn wọ ibi tó wù ú. Ọdọọdún ni mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí ìkéde yìí bí ẹni pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fásitì sílẹ̀ gbayawu.

Èkejì ni ti ilé ìwé fúnra rẹ̀. UI, UNILAG àti OAU ti ń béèrè 200 kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tiwọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní post-UTME. Wọ́n tún ń béèrè pé kó jẹ́ pé àwọn ni ọmọ náà yàn ṣìkíní. Ọmọ tó gba 310 tó sì fi UI ṣe ilé ìwé kejì, kò sí ohun tí UI fẹ́ fi 310 náà ṣe. 200 yìí dà bí tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọ pápá ìṣeré: ó gbé ẹ dé ìdí bọ́ọ̀lù, kò gbá góòlù fún ẹ.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́, òun gan-an ló sì ń gbani wọlé. Máàkì JAMB kọ́ ni rárá. Àròpọ̀ kan ni, nínú 100, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ìdánwò ti parí. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 68.5 síwájú orúkọ kọ́ọ̀sì kan, àròpọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ọdún náà fúnra wọn ló ń pinnu rẹ̀: bí ààyè bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ibi tí ẹni tó gba ààyè tó kẹ́yìn dúró sí ni kọ́tọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá sọ fún yín ní oṣù kẹta pé òun mọ kọ́tọ́ọ̀fù ọdún yìí, ti ọdún tó kọjá ló ń kà fún yín.

Kí n tó ṣe ìṣirò àròpọ̀ náà, ẹnì kan á ti máa béèrè pé kí ló fà á tí ilé ìwé fi ń ṣe ìdánwò mìíràn lẹ́yìn ti JAMB. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Kí JAMB tó dé, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀. Ọmọ kan lè rí ààyè gbà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó lẹ́ẹ̀kan náà, kó wọ ọ̀kan, kí méjì yòókù ṣófo nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ààyè kiri. Ní 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀ kí ìdánwò náà lè di ọ̀kan. Nígbà tó di 2005, àwọn fásitì ti ń pariwo pé máàkì tí àwọn ọmọ ń gbé wá kò bá ohun tí àwọn ń rí ní kíláàsì mu, Chinwe Obaji tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà sì gbà kí wọ́n máa ṣe ìdánwò tiwọn. Adamu Adamu fòfin dè é ní 2016, ó sì tún gbà á láàyè ní 2017, pẹ̀lú àṣẹ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ₦2,000 lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ọ̀pọ̀ fásitì ńlá ní kí àwọn ọmọ fi SAT sílẹ̀ bí wọn kò bá fẹ́ ṣe é. Ní 2022, MIT mú un padà. Dartmouth àti Yale tẹ̀ lé e ní 2024. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìdánwò ọjọ́ kan kò lè sọ gbogbo ohun tí ọmọ mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ nù pátápátá nínú wọn.

Ó yá, ìṣirò. Ní OAU, JAMB kó 50 nínú 100, ìdánwò ilé ìwé kó 40, èsì WAEC tàbí NECO kó 10. Ní UNILAG, 50, 30 àti 20 ni. UI ní tiwọn pín in sí méjì dọ́gba láàárín JAMB àti ìdánwò tiwọn. Wọn kì í fún èsì WAEC ní máàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ béèrè kò lè wọlé. Ilé ìwé lè yí ìlànà yìí padà nígbàkígbà, torí náà ìkéde ọdún yín ni kí ẹ gbà gbọ́ ju èmi lọ.

Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, JAMB kó ìdajì. Máàkì 400 ló di 50, èyí já sí pé máàkì mẹ́jọ ní JAMB ló ń di póìǹtì kan ṣoṣo nínú àròpọ̀. Ẹ fi ọkàn sí mẹ́jọ yìí, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Lágbájá àti Làmọ̀rín, tí àwọn méjèèjì yan kọ́ọ̀sì kan náà ní OAU. Lágbájá gba 290 ní JAMB, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Làmọ̀rín gba 250. Ní ìdánwò ilé ìwé, Lágbájá gba 20 nínú 40, Làmọ̀rín gba 29. Ní WAEC, B3 mẹ́ta àti C4 méjì ni Lágbájá ní. Làmọ̀rín ní A1 kan, B2 kan, B3 méjì àti C4 kan. OAU ń fún A1 ní 2, B2 ní 1.8, B3 ní 1.6, ó sì ń já 0.2 báyìí títí dé C6 tó jẹ́ 1. Ti Lágbájá: 290 pín sí mẹ́jọ jẹ́ 36.25, ẹ fi 20 kún un, ẹ fi 7.6 ti WAEC kún un, ó di 63.85. Ti Làmọ̀rín: 31.25, ẹ fi 29 àti 8.4 kún un, ó di 68.65. Ọmọ tí wọ́n fi 40 máàkì jù lọ ní JAMB ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi póìǹtì márùn-ún ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Níbi tí ìdá kan nínú mẹ́wàá póìǹtì ti lè ya ẹni tó wọlé sọ́tọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé, póìǹtì márùn-ún kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Máàkì kan péré nínú ìdánwò ilé ìwé ní Ifẹ̀ jẹ́ póìǹtì kan odidi, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ní JAMB kó tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ní UI, níbi tí wọ́n ti ń pín ìdánwò tiwọn sí méjì, máàkì kan nínú 100 dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rin ní JAMB. Síbẹ̀, ohun tí mo máa ń rí ni pé ọmọ á fi oṣù mẹ́jọ kàwé fún JAMB, bí èsì bá sì ti dára, á wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣeré lórí post-UTME.

WAEC ló wá jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbàgbé jù. Ní UNILAG, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ọmọ tó ní C6 márùn-ún ti yege ní ojú òfin, kírẹ́díìtì rẹ̀ pé, inú ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n 10 ló ní nínú 20, nígbà tí ọmọ tó ní A1 márùn-ún gba 20 náà pé. Póìǹtì mẹ́wàá tó wà láàárín wọn, 80 máàkì ní JAMB nìyẹn. Ọmọ tó ní A1 márùn-ún pẹ̀lú 220, tó ṣe dáadáa bí ẹnì kejì rẹ̀ ní ìdánwò ilé ìwé, wọ́n á jọ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọmọ tó gba 300 tí C6 rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí ó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin ní fásitì kan tó ń ṣe ìṣirò WAEC nínú 20 bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe JAMB. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba 281, síbẹ̀ kò rí orúkọ rẹ̀. Ohun tó fi kù kò tó póìǹtì méjì. Ilé kò rọrùn nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ìyá rẹ̀ sì ti ń gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí orí òkè. Owó lẹ́sìnnì JAMB tí wọ́n ti san lọ́dún mẹ́ta tó owó tí ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ìgbà tí a jókòó tí a wo èsì WAEC rẹ̀ ni mo rí i: C4 kan, C5 méjì, C6 méjì. 11.6 nínú 20. Gbogbo ọdún mẹ́ta tó fi ń lé JAMB, èsì kan náà yìí ló ń gbé lọ síbẹ̀. Bí ó bá ní B3 márùn-ún, á gba 16, ìyàtọ̀ póìǹtì 4.4, bí ẹni pé ó gba 316 ní JAMB láìtún ìdánwò náà ṣe. Ó forúkọ sílẹ̀ fún WAEC àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kì í fẹ́ èsì ìjókòó méjì. B3 ló ní nínú gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan tó jẹ́ B2. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 263 ló gba ní JAMB, ó lọ sílẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìdánwò ilé ìwé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọdún yẹn ló wọlé. Títí di òní, bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ pé fásitì yẹn kò mọ ohun tó ń ṣe: báwo ni wọ́n ṣe lé 281, tí wọ́n wá gba 263?

Bí àròpọ̀ bá ti jáde, a ò tíì parí. Fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í to gbogbo ọmọ sórí ìlà kan kó máa mú wọn láti òkè wá sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ààyè sí. 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn tí àròpọ̀ wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí agbègbè ilé ìwé náà. 20 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ètò ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Fún UNILAG àti OAU, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni agbègbè wọn: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ọmọ Èkìtì tí kò bá wọlé nínú 45 ṣì ní ààyè kejì, níbi tí òun àti àwọn ọmọ Èkìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti jọ dije. Ọmọ Ìbàdàn tó bá lọ yan fásitì Nsukka ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ààyè kejì yìí sílẹ̀. Inú 45 nìkan ló kù fún un.

Ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí ní Mushin, tí kò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ, ọmọ Ẹdó ni ní ojú JAMB. Ó tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ̀: Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ kò gbilẹ̀ tó. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìkìrun, tí ìlú wọn kò jìnnà síra, tí ohùn wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, á jọ yan Ifẹ̀, wọ́n á jọ gba máàkì kan náà, ṣùgbọ́n inú 20 ni ọmọ Ọ̀fà á bọ́ sí, ọmọ Ìkìrun á bọ́ sínú 35. Ọ̀kan lè wọlé kí èkejì má wọlé. Èmi ò lòdì sí ètò náà. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti dàgbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ti ibòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí ọmọ má mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ilé ìwé kan máa ń gbé kọ́tọ́ọ̀fù ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe é.

Iye ààyè náà tún wà. Kì í ṣe ìfẹ́ inú fásitì ló ń pinnu iye ọmọ tí wọ́n máa gbà fún ìmọ̀ ìṣègùn. Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní orílẹ̀-èdè yìí ló ń fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ti ìmọ̀ òfin náà ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó gba 250 sókè bá ti ń jà sí ààyè tí kò pọ̀, 280 lè kéré. Ní ẹ̀ka mìíràn nínú ọgbà kan náà, 220 tó pọ̀.

Ẹ̀ka mìíràn yẹn, ẹ̀ka tiwa wà lára wọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló yan ìmọ̀ òfin tàbí iṣẹ́ ìròyìn, tí wọ́n wá gbé wá sí ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti Yorùbá. Àwọn kan nínú kíláàsì mi sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi ní tèmi, òun ni mo kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú 258, tí olùkọ́ mi ní girama sì ń bi mí pé ṣé orí mi pé. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹ̀ka wa ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí máàkì wọn kò tó sí. Kọ́tọ́ọ̀fù kì í ṣe òṣùwọ̀n bí ẹ̀kọ́ kan ṣe le tó. Iye ènìyàn tó ń wá a àti iye ààyè tó wà ló ń gbé e sókè sódò. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ wa rọrùn, kó wá bá wa jókòó nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ sì lè ṣìnà. Ní 2025, èsì jáde, àwọn ọmọ àti òbí pariwo pé kò tọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tó jẹ́ olórí JAMB sunkún ní gbangba, ó sì sọ pé àṣìṣe wà ní ibùdó ìdánwò 157 ní Èkó àti ní ìhà ìlà-oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Ohun tí mo mú nínú ìyẹn ni pé bí ọmọ tó máa ń ṣe dáadáa bá gbé èsì tó ṣàjèjì wálé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó tó ti ṣe é.

Fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kò gbé e dé ibi tó fẹ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó lè pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwé nígbà tí JAMB bá ṣí àyè rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó wò ó dáadáa pé iṣẹ́ mẹ́rin tó ṣe ní UTME bá kọ́ọ̀sì tuntun náà mu. 270 tí kò ní iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì béèrè nínú kò wúlò. Ó lè gba ọ̀nà JUPEB, IJMB tàbí NCE, kó sì wọ ọdún kejì láìṣe UTME mọ́. Bó bá fẹ́ tún JAMB ṣe, ọdún kan péré ni èsì náà ń lò, kò lè fi ti èṣí wọlé lọ́dún yìí. Kó yẹ èsì WAEC rẹ̀ wò kó tó san owó lẹ́sìnnì.

Àwọn tó sì ti ṣe ohun gbogbo tán, tí wọ́n kàn ń retí, nǹkan méjì ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn lára. Ọ̀kan ni pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ nígbà tí WAEC kò tíì jáde, nígbà tó sì jáde, wọn kò gbé e sórí ojú ìwé JAMB wọn. Ní ojú ẹ̀rọ, ọmọ náà kò ní èsì kankan, kò sì sí fásitì tó lè gbà á. Èkejì ni CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi orúkọ àwọn tí ilé ìwé gbà hàn láti 2017. Ilé ìwé lè ti gbà ẹ́, kí ó jẹ́ pé ìwọ ni o kò tíì tẹ ibi tí wọ́n ní kí o tẹ̀ láti fi hàn pé o gbà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé ẹ lọ sí kọ́ọ̀sì mìíràn, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti bi ẹ́ bóyá o fẹ́ ẹ. Ẹ má dúró de àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí tí orúkọ yín á fi jáde, kí ẹ sì lo nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ tiyín nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, kó má jẹ́ ti ọlọ́jà kọ̀ǹpútà tó bá yín ṣe é.